Ata inú àwòrán, ata inú oko

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbin tàtàṣé oníkùn ńlá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní bell pepper, sórí éékà 2 fún títà. Ẹ wá béèrè pé ẹ̀yà wo ló dára jù, nítorí ẹ ti rí àwòrán ọ̀kan tó tóbi tó ìkúùkù méjì. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń gbin ata yìí. Ìbéèrè yẹn gan-an lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀, irú àwòrán yẹn náà ló sì kọ́kọ́ kó mi sí gbèsè. Ẹ má bínú, kò sí ẹ̀yà tó dára jù. Èyí tí ilẹ̀ yín gbà, tí oòrùn yín kò pa, tí ẹni tó máa rà á sì ń béèrè, òun lẹ ń wá. Ó ṣeé ṣe kó máà jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdún àkọ́kọ́. Ẹ̀yà kan tó máa ń pọ́n ní àwọ̀ ìyeyè ni mo rà. Ara àpò irúgbìn ń dán, ata inú àwòrán ń dán jù ú lọ. N kò ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn àpò, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gbangba pé gíríìnháòsì ni wọ́n ṣe é fún. Irú ata bẹ́ẹ̀ kì í dẹ́kun gíga. Inú ilé tí a fi ọ̀rá bò ni wọ́n ti ń so ó mọ́ okùn, tí wọ́n ń gé ẹ̀ka rẹ̀ kó ku méjì tàbí mẹ́ta, ewé rẹ̀ kì í sì pọ̀ tó láti bo èso. Èmi gbìn ín sí gbangba oko. Nígbà tí èso di ńlá, apá tó kọjú sí oòrùn ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, bí ìgbà tí omi gbóná bá dà síni lára. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ á gbẹ, á fẹ́lẹ́ bíi bébà, èébu dúdú á sì hù lé e lórí. Tí ẹ bá yí èso náà padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán bíi ti inú àwòrán. Bí mo ṣe ń já wọn náà ni mo ń jù wọ́n nù.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè bí èso ṣe tóbi tó, ẹ béèrè bí ewé rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ata tí a ó gbìn sí gbangba gbọ́dọ̀ lè fi ewé ara rẹ̀ ṣíji bo ọmọ rẹ̀.

Àrùn ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Lọ́dún kẹta, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léra. Igun kan wà nísàlẹ̀ oko mi tí omi máa ń dúró sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, mo rí i pé ata bíi mẹ́wàá níbẹ̀ ti rọ, ewé wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀ ṣùgbọ́n wọ́n sorí kọ́. Òùngbẹ ni mo pè é. Mo bomi rin ín! Ṣé ẹ rí àìmọ̀kan? Nígbà tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ebè yẹn ti wólẹ̀. Mo fa ọ̀kan tu, mo rí òrùka dúdú kan ní ìdí rẹ̀, gẹ́lẹ́ níbi tí igi ata ti kan ilẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí igi tó rà. Phytophthora ni wọ́n ń pè é, kòkòrò àrùn kan tí ojú kò lè rí, tó ń jẹ ìdí ata. Ọmọ wẹ́wẹ́ rẹ̀ máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi láti ìdí ata kan bọ́ sí ìdí èkejì, èyí túmọ̀ sí pé omi tí mo bu sí i, ọkọ̀ ni mo fi wọ̀ wọ́n. Tó bá sì ti wọ ilẹ̀, ó lè sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe ata nìkan ló ń pa: tòmátì, ìgbá, ẹ̀gúsí, elégédé àti kùkúńbà náà kò bọ́. Ẹni tó bá gbin elégédé sí ilẹ̀ yẹn lọ́dún tó kọjá tó wá ní òun ti pààrọ̀ ọ̀gbìn, kò tíì pààrọ̀ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìtàn ilẹ̀ ló ń yan ẹ̀yà fúnni. Tí àrùn yìí bá ti wà nílẹ̀ yín, ẹ wá ẹ̀yà tí wọ́n bí láti dúró dè é. Paladin ni orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ jù níbẹ̀. Aristotle náà máa ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò lágbára tó o. Ẹ fi sọ́kàn pé ìdí ata ni ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bò. Èso tó bá fara kan ilẹ̀ tútù ṣì lè jẹrà. Àléébù kan tún wà tí ẹni tó ń tà á kì í sọ: àwọn ẹ̀yà tó ń dúró de Phytophthora sábà máa ń ní ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lára, bí ẹni pé awọ òkè fẹ́ bó kúrò lára ẹran ata. Kò ba dídùn rẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á nípasẹ̀ ojú yóò dá a padà. Wọ́n ti dá tèmi padà rí, odindi ọkọ̀ kan. Nítorí náà ibi tí omi ń dúró sí nìkan ni mo ń gbin irú ata bẹ́ẹ̀ sí báyìí, lórí ebè gíga, mo sì ń gbin ẹ̀yà tí ara rẹ̀ mọ́ jù sí òkè.

Àrùn kejì tó ti fi ojú mi rí màbo ni àbààwọ́n ewé tí bakitéríà ń fà, Xanthomonas. Ewé á ní àmì dúdú tóótòòtó, á pọ́n, á já bọ́. Nígbà tí ewé bá ti já tán, oòrùn á tún wá jó èso, ìyà méjì lórí ẹnì kan. Irúgbìn ló sábà máa ń gbé e wọ oko. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ̀yà kan ń dúró dè é, mo rà á pẹ̀lú ayọ̀. X3R ni wọ́n kọ sí ara orúkọ rẹ̀. Àrùn náà tún kó gbogbo rẹ̀. Mo bú ẹni tó tà á fún mi títí, kí n tó mọ̀ pé èmi ni n kò mọ ohun tí mo rà. Oríṣi 11 ni bakitéríà yìí ní, wọ́n kà wọ́n láti 0 dé 10. X3R túmọ̀ sí pé ata náà lè dúró de oríṣi 1, 2 àti 3. Oríṣi mìíràn ló wà lóko mi, bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn iwájú tí olè gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ̀yà tí wọ́n kọ X10R sí lára lẹ ó wá, òun ló dúró de oríṣi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó tẹ̀ lé 0. Tí irúgbìn bá jẹ́ èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín pamọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó gbóná tó 52°C fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó gbìn ín, kí ẹ sì fi tẹmómítà wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín omi tó ń pa àrùn àti omi tó ń pa irúgbìn.

Àwọn lẹ́tà yòókù tó wà lẹ́yìn àpò, ẹ má fò wọ́n. HR túmọ̀ sí pé ó dúró gbọnin, IR túmọ̀ sí pé ó dúró díẹ̀: àrùn lè mú un, ṣùgbọ́n á ṣì so. TSWV ni fáírọ́ọ̀sì tí kòkòrò tíríìpù ń gbé kiri. Tm ni ìdílé fáírọ́ọ̀sì tábà, tí ọwọ́, ọ̀bẹ àti aṣọ iṣẹ́ ń gbé láti ara ata kan dé èkejì. Ẹni tó ń mu sìgá, kó fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ọ̀gbìn. Tó bá sì jẹ́ pé aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ tó ń ta kókó sí gbòǹgbò ni ìṣòro yín, ẹ̀yà méjì wà tí ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1997 nítorí rẹ̀: Charleston Belle àti Carolina Wonder. Méjèèjì kì í ṣe F1, ìyẹn irúgbìn àdàlù tí wọ́n fi ẹ̀yà méjì bí, nítorí náà ẹ lè tọ́jú irúgbìn wọn.

Èyí mú mi rántí ọ̀rọ̀ F1. California Wonder, tó ti wà láti ọdún 1928, ni ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀, irúgbìn rẹ̀ kò wọ́n, ó ṣeé tọ́jú, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kì í dọ́gba: èyí onígun mẹ́ta, èyí onígun mẹ́rin, èyí wọ́. Fún ọgbà ẹ̀yìn ilé, kò sí wàhálà. Fún éékà 2 tí ẹ fẹ́ kó sínú páálí kan náà, F1 ni mo máa rà, bó tilẹ̀ wọ́n. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ tọ́jú irúgbìn inú F1 fún ọdún tó ń bọ̀. Mo dán an wò nítorí ahun. Nígbà tó so, wọn kò jọ bàbá, wọn kò jọ ìyá, wọn kò sì jọ ara wọn. Inú wọn la ti rí díẹ̀ tó tún ta bí iná, nítorí mo gbin ata wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn lọ́dún tí mo tọ́jú irúgbìn náà. Oníbàárà kan tó gé e jẹ níṣojú mi kò padà wá mọ́.

Ooru náà ń yan ẹ̀yà. Tí ọ̀sán bá ń kọjá 32°C tí òru kò sì wálẹ̀ ju 24°C lọ, òdòdó á máa já bọ́. Bí èso ẹ̀yà bá ṣe tóbi sí ni òdòdó rẹ̀ ṣe máa ń já sí. Ẹ̀yà olórí ńlá inú àwòrán yẹn lè tanná fún oṣù kan gbáko kó má so ju méjì lọ. Tí ibi tí ẹ wà bá gbóná, ẹ mú èyí tí èso rẹ̀ mọ níwọ̀n. Èso ńlá yẹn kan náà ni ìdí rẹ̀ máa ń tètè dúdú tí omi bá ń wá tó ń lọ, nítorí kálísíọ̀mù kì í dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ní ti àwọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó máa rà á. Ata tútù tó gbó àti ata pupa lè wá láti ara igi kan náà. Kí ó tó pọ́n, ẹ ó fi í sílẹ̀ lórí igi fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kòkòrò ń jẹ ẹ́, oòrùn ń jó o, igi náà kò sì ní ráyè so òmíràn. Tí oníbàárà yín kò bá ní san àfikún tó tó fún pupa, ẹ já a ní tútù kí ẹ sùn. Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ara àpò, láti ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i láti ilé ìrúgbìn lọ sóko ni wọ́n ti kà á, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ẹ fọ́n irúgbìn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lé e. Mo ti ṣèlérí ata fún èèyàn rí lórí àṣìṣe yẹn.

Tí mo bá jẹ́ yín, mi ò ní fi ẹ̀yà tuntun kankan kún éékà 2. Èyí tí àgbẹ̀ tó wà nítòsí yín ti ń gbìn ni màá fi kún ibi tó pọ̀, màá wá gbin ẹ̀yà mẹ́ta mìíràn, ebè méjì méjì, ọ̀kan níbi tó dára, ọ̀kan níbi tí kò dára. Ẹ máa wọn gbogbo ìkórè títí dé èyí tó kẹ́yìn, nítorí ẹ̀yà tó tayọ ní ìkórè àkọ́kọ́ lè má ní nǹkan kan mọ́ ní ìkẹta. Kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sára igi tí ẹ bá fi sàmì sí i, kí ẹ tún yà á sínú ìwé. Báírò ni mo lò lọ́dún kan. Òjò fọ̀ ọ́ lọ. Èyí tó so jù nínú gbogbo ata tí mo tíì gbìn rí wà lórí ebè kẹrin lọ́dún náà, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní.