Èsì: Lẹ́yìn ìbò, kí ló kù fún mẹ̀kúnnù?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní a ti dìbò tán, kí ló tún kù tá a lè ṣe. Iṣẹ́ ṣì wà ńlẹ̀ o! Ní Gàá-Àkànbí, ní Ìlọrin níbí, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló dí gọ́tà wa pa. Àwa náà la jù ú síbẹ̀, kì í ṣe gómìnà. Ìyá elékuru ló kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì láàárọ̀ Sátidé kan. Ojú tì wá, la bá dara pọ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ gọ́tà kíkó nìkan kò tó. Òfin òmìnira ìròyìn (Freedom of Information Act) ti ọdún 2011 gbà kí ẹnikẹ́ni kọ̀wé béèrè iye tí ìjọba ná sórí iṣẹ́, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ 7. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà kan, kí ọ́fíìsì tẹ́ ẹ gbé e lọ lu òǹtẹ̀ sí i.