Kí ló dé tí orúkọ Stradivari fi wà nínú fáyólìn tí kì í ṣe tirẹ̀?

Ìbéèrè yín ni pé ẹ yọjú wo inú fáyólìn àtijọ́ kan tí wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ sì rí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi: "Antonius Stradivarius Cremonensis Faciebat Anno 1721", ìyẹn ni pé Antonio Stradivari ará Cremona ló ṣe é lọ́dún 1721. Ṣé Stradivari ló ṣe é lóòótọ́? Bí kì í bá sì í ṣe òun, ṣé jìbìtì ni àṣà yìí látilẹ̀wá?

Ó ṣòro púpọ̀ kó jẹ́ tirẹ̀. Stradivari, aṣefáyólìn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ, kú ní Cremona, ní Ítálì, lọ́dún 1737. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáyólìn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní Faransé àti Jámánì, ló ní irú ìwé yìí nínú. Àpẹẹrẹ tí wọ́n tẹ̀ lé ni ìwé náà ń tọ́ka sí.

Lórí jìbìtì, ẹ jẹ́ ká wo Jean-Baptiste Vuillaume, aṣefáyólìn ará Faransé, torí ọwọ́ rẹ̀ ni àṣà náà ti níyì jù lọ. Mirecourt ni wọ́n bí i sí ní 1798, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn Faransé, níbi tí fáyólìn ṣíṣe ti jẹ́ iṣẹ́ ìdílé. Ó dé Paris ní 1818, ó bá Chanot ṣiṣẹ́, ó bá Lété ṣiṣẹ́, àwọn tó ń ṣe ohun èlò orin níbẹ̀, ó sì dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1828. Fáyólìn àtijọ́ láti Ítálì ni àwọn olórin ń wá kiri nígbà náà, wọn kì í fẹ́ rí tuntun sójú. Ló bá gbájú mọ́ iṣẹ́ Stradivari àti ti Guarneri, aṣefáyólìn Cremona mìíràn, ó ń wò ó ṣe: bí igi ṣe nípọn tó, bí ihò méjèèjì ṣe tẹ̀, àwọ̀ fáníìṣì, títí kan ibi tí àgbọ̀n àti ọwọ́ olórin ti ha fáníìṣì kúrò.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé Paganini, gbajúmọ̀ olórin fáyólìn ará Ítálì, gbé fáyólìn rẹ̀, Il Cannone, tí Guarneri del Gesù ṣe ní 1743, wá fún un kó bá òun tún un ṣe. Vuillaume ṣe èkejì rẹ̀. Nígbà tó kó méjèèjì síwájú Paganini, ojú kò dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ìgbà tí Paganini fi wọ́n kọrin ni etí rẹ̀ tó mọ èwo ni tirẹ̀. Èkejì náà bọ́ sọ́wọ́ Camillo Sivori, ọmọ ẹ̀kọ́ Paganini. Méjèèjì wà ní Genoa, ní Ítálì, dòní.

Lójú tèmi, kò sí jìbìtì níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó gbẹ́ ère, tí ojú ère náà jọ ti ọ̀gá, ìyìn là ń fún un. Vuillaume máa ń kọ nọ́ńbà àti orúkọ ara rẹ̀ sínú fáyólìn tó bá ṣe. Nọ́ńbà náà lé ní 3,000 kó tó kú ní 1875. Ojúlówó sì wà níwájú rẹ̀ tó ń wò: nígbà tí Tarisio, oníṣòwò fáyólìn kan, kú, Vuillaume sáré lọ sí Ítálì ní 1855, ó fi 80,000 fráǹkì ra ohun èlò orin 144 lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Fáyólìn Stradivari ti 1716 tí wọ́n ń pè ní Messiah wà lára wọn, kò sì tà á títí ó fi kú. Oxford ló wà báyìí.

Ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Mirecourt àti ní Markneukirchen, ìlú kan ní Jámánì, ló sọ àṣà náà di ọjà àwọ́pọ̀. Wọ́n ń tẹ ìwé Stradivari jáde bí ẹní tẹ ìwé ìròyìn, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáyólìn olówó pọ́ọ́kú. Ẹni tó rà á nígbà náà mọ ohun tóun rà. Ẹni tó bá fi ìwé yẹn pe owó ojúlówó lé e lónìí ló ń lu jìbìtì.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí "Made in Germany" lábẹ́ orúkọ Stradivari, a jẹ́ pé lẹ́yìn 1890 ni wọ́n ṣe é, torí ọdún yẹn ni òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí ọjà tó ń wọlé ní orúkọ ilẹ̀ tó ti wá lára. Bí ẹ kò bá sì rí i, ẹ má tíì sanwó. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún fáyólìn ṣe, kó wo igi àti fáníìṣì rẹ̀.