Sítáǹpù Lagos mẹ́rin tó lẹ̀ mọ́ra: ṣé ká yà á pín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá wa àgbà fi ìwé sítáǹpù sílẹ̀ fún wa. Mẹ́rin tí wọ́n kọ Lagos sí, tí orí Ọbabìnrin Victoria wà lára wọn, lẹ̀ mọ́ra. Àwa mẹ́rin la fẹ́ pín in, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ya ọ̀kan kúrò. Ṣé a ṣì lè dá a padà?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ya ìyókù! Ní 1874 ni Lagos bẹ̀rẹ̀ sí í ní sítáǹpù tirẹ̀. Ní 1906 wọ́n da ìlú náà pọ̀ mọ́ Southern Nigeria, sítáǹpù rẹ̀ sì dópin. Ọ̀pọ̀ ẹni ló ní ẹyọ kan lára wọn. Mẹ́rin tó ṣì so pọ̀ ló ṣọ̀wọ́n.

Èyí tó ti ya kò lè lẹ̀ mọ́ tòkù bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun tó kù fún yín ni ẹ̀rí pé ara kan náà ni wọ́n. Ẹ tẹ́ wọn síra lábẹ́ gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, kí ẹ wo eyín etí wọn: níbi tí ti ọ̀kan bá ti gùn, ti èkejì á kúrú. Bí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ bá gba orí méjèèjì kọjá, ẹ̀rí tó lágbára jùyẹn lọ nìyẹn. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù tàbí sẹ́lótéèpù kàn án o. Àbàwọ́n rẹ̀ kì í lọ. Ẹ má sì rẹ ẹ́ sómi.

Lẹ́yìn náà, ẹ ya fọ́tò wọn, iwájú àti ẹ̀yìn. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1918, William Robey fi dọ́là 24 ra odidi abala sítáǹpù 100 ní Washington, tí ọkọ̀ òfuurufú inú rẹ̀ dorí kodò. Kí Edward Green, ọlọ́rọ̀ tó rà á lẹ́yìn náà, tó ya á, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin tó so pọ̀ lára wọn bọ́ sọ́wọ́ Ethel McCoy, obìnrin kan tó ń kó sítáǹpù jọ. Olè jí i ní Norfolk ní 1955, wọ́n sì ya wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n rí méjì padà ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé lẹ́yìn náà, ìkẹta di 2016. Ìkẹrin ṣì sọnù. Fọ́tò àtijọ́ wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi dá wọn mọ̀.

Ní ti pínpín, kí ẹnì kan tọ́jú gbogbo rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ti gbogbo yín ni. Kí ẹ̀gbọ́n yín dá ti ọwọ́ wọn padà kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni díye lé e.