Ta ló ní kí ẹ sanwó CCI?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kajú ni mò ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ará Íńdíà kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti ọdún méjì fẹ́ kí a jọ dá ilé iṣẹ́ tí a ó ti máa fọ́ kajú sílẹ̀. Alárinà tó ní òun ń ṣojú rẹ̀ sọ pé kí n san ₦480,000 fún ìwé CCI kí owó náà tó lè wọlé. Ó ní òfin fún ọmọ onílẹ̀ ní ìpín 60 nínú 100. Níbo ni mo ti lè rí CCI gbà kíákíá?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ti san án, ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ lónìí.

Ìbéèrè yìí ti ń sú mi. Kì í ṣe ẹ̀yin ló sú mi o, àwọn tó ń jẹun lórí rẹ̀ ni.

CCI (Certificate of Capital Importation) ni ìwé ẹ̀rí pé owó ilẹ̀ òkèèrè ti wọ Nàìjíríà. Ó ti wọ̀ ọ́, mo ní! Báńkì tó gba owó náà níbí ló ń ṣe é lórúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́, láàárín wákàtí 24 tí owó bá dé. Láti 2017, orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó bá ń ta CCI nígbà tí dọ́là kò tíì dé, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ló ń tà fún oyún oṣù méjì.

Àlejò tó kówó wá láti òkèèrè gan-an ni ìwé yìí wà fún. Òun ni yóò fi han báńkì lọ́jọ́ tó bá fẹ́ kó èrè tàbí ojú owó rẹ̀ padà sílé, kí wọ́n lè ta dọ́là fún un ní ọjà tí ìjọba fọwọ́ sí. Agbòjò àlejò ni wọ́n ní kí ẹ bá a rà yẹn.

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkùnrin kan gbé ayédèrú CCI kan wá sí ọ́fíìsì mi ní Tákié. "Central Bank of Nigerian" ni wọ́n kọ sí i lórí. Mo tọ́ itọ́ sí ìka, mo fi ra èdìdì pupa rẹ̀, ó ṣí mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ń wo ìka mi, kò lè sọ̀rọ̀. ₦300,000 ló ti bá a lọ.

Ti ìpín 60 yẹn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Òfin 1972 àti 1977 ló dín ìpín àlejò kù. Ọdún 1995 ni wọ́n tú u ká, nígbà tí òfin NIPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdókòwò, dé. Àlejò lè dá ní ilé iṣẹ́ kajú láìsí ọmọ Nàìjíríà kankan níbẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ sínú àdéhùn nìkan ni tiyín. Bẹ́ẹ̀ sì ni CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kì í gba ilé iṣẹ́ tí àlejò ní ìpín nínú rẹ̀ wọlé bí owó ìpín ilé iṣẹ́ náà lápapọ̀ kò bá tó mílíọ̀nù 100 náírà. Ẹ bi alárinà yín bóyá ó gbọ́ nípa ìyẹn rí.

Mi ò tíì rí ìwé kankan lọ́wọ́ yín, mi ò sì pe ará Íńdíà náà ní olè. Ó lè má mọ̀ pé wọ́n ń fi orúkọ òun gbowó. Ẹ pè é fúnra yín. Nọ́ńbà tí ẹ fi ń bá a ná kajú tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí alárinà fún yín.