Ṣé mo ti ń fura jù ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé pé ẹ̀yin nìkan ni àwọ̀ yín yàtọ̀ níbi iṣẹ́, pé wọ́n máa ń sín ohùn yín jẹ, pé ẹ kì í rí oorun sùn mọ́, tí ọkọ yín sì ní ẹ ti ń fura jù: orí yín ò dàrú.

Ara tó bá ń retí ìwọ̀sí lójoojúmọ́ kì í dúró dìgbà tó bá dé kó tó gbára dì. Àyà á máa já, ọrùn á le, kẹ́míkà tí ara ń tú jáde nígbà ewu ò ní lọ sílẹ̀ bó ṣe yẹ lálẹ́. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń ka ímeèlì kan ní àkàtúnkà kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1970 ni Chester Pierce, dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, ti ń sọ ọ́ pé irú ìwọ̀sí kéékèèké báyìí, bó ṣe ń gorí ara wọn, ló ń ṣèpalára.

Ohun tó ń gba oorun lójú yín gan-an ni ẹjọ́ tẹ́ ẹ ń dá lóru: "Ṣé torí àwọ̀ mi ni?" Ẹjọ́ yẹn ò lè parí, torí ẹ ò rí inú ẹni tó sọ ọ́. Ó dùn yín. Ìyẹn ò nílò ẹlẹ́rìí.

Ẹ kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà: déètì àti aago, ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, àwọn tó wà níbẹ̀, èsì yín. Ìlà mẹ́rin ti tó. Ẹ má kọ ohun tẹ́ ẹ rò pé wọ́n ní lọ́kàn síbẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, ìwé ẹ̀rí á wá di ibi ìròkúrò. Ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́.

Bí wọ́n bá tún dápàárá, ẹ bi wọ́n jẹ́ẹ́ pé, "Kí lẹ ní lọ́kàn?" kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Àpárá tó bá di àlàyé kì í dùn mọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀gá tó lè lé yín lẹ́nu iṣẹ́ ni, ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Kì í ṣe ojo.

Ní ti ọkọ yín, ẹ sọ fún un kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé kó kàn gbọ́, kó má tíì dá sí i.

Bí ìbànújẹ́ bá ń bá yín jí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, tí nǹkan kan ò sì wù yín ṣe mọ́, ẹ rí dókítà. Kẹ́ ẹ tó sanwó fún agbaninímọ̀ràn, ẹ bi í bóyá ó ti tọ́jú ẹni tí ẹ̀tanú ẹ̀yà bá fínra rí. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló ń gbèjà àwọn tó bú yín, ẹ wá ẹlòmíì. Àmọ́ bí èrò pé kẹ́ ẹ kú bá wọlé, ẹ má ka ọ̀sẹ̀ kankan: ẹ pe ẹnì kan kó wá jókòó tì yín, kẹ́ ẹ sì jọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.