Kí ló dé tí kì í ṣe "oneteen"?

Ẹnì kan bi wá pé ọmọ òun ń ka nọ́ńbà nílé, ó ka ten tán, ló bá ní "oneteen, twoteen", gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tọ́mọ ní kí wọ́n wá sọ ohun tó sọ ọ́ di eleven, kò sẹ́ni tó rí nǹkan sọ.

Ẹ má fọmọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o, orí ẹ̀ pé. Teen yẹn, ten náà ni, thirteen ò ju mẹ́ta àti mẹ́wàá lọ. Eleven lọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè é ní endleofan, ìyẹn ni pé ẹyọ kan ṣẹ́kù, o ti fi ìka ọwọ́ méjèèjì kà á tán, mẹ́wàá pé, ẹyọ kan wá kù nílẹ̀ tí ò níka tó máa kà á. Twelve náà nìyẹn, méjì ló ṣẹ́kù. Kí làwa gan-an ń sọ tá a bá ní mọ́kànlá? Ṣebí ọ̀kan lé ẹ̀wá ni, àbí? Àwa kàn lò ó dé mẹ́rìnlá ni, tó bá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún a ti ń yọ márùn-ún kúrò lára ogún nìyẹn.

Score ló dùn mọ́ mi jù. Ogún ni, ọ̀rọ̀ àwọn Viking, àwọn ará àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́, ni, skor, ojú ibi tí wọ́n fọ̀bẹ gé lára igi, wọ́n ní tẹ́ni tó ń ka àgùntàn bá ti ka ogún, á gé igi lẹ́ẹ̀kan. Score bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ̀ ń béèrè ní Sátidé, inú igi yẹn náà ló ti wá. Ẹ má fojú kékeré wo igi o, ìjọba England fi igi gígé ṣàkọsílẹ̀ owó títí di 1826. Ìgbà tí wọ́n wá ní káwọn sun àwọn igi tó kù nínú sítóòfù abẹ́ ilé aṣòfin ní 1834, iná náà jó ilé aṣòfin kanlẹ̀!

Nígbà tí Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, dìde sọ̀rọ̀ nílùú Gettysburg lọ́dún 1863, "four score and seven" ló pe 87, ogún mẹ́rin ó lé méje. Ọgọ́rin wa náà, ogún mẹ́rin ni.

Dozen ní tiẹ̀, ọwọ́ Faransé ni wọ́n ti gbà á.