Jẹ́jẹ́ kì í ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Àbúrò, ẹni tó bá ọ pa gbogbo "jẹ́jẹ́" rẹ́ nínú ìtàn rẹ kò jẹ̀bi tán. Ìwọ náà wò ó: ọmọge ń rìn jẹ́jẹ́, omi Ìkọ́gòsì ń ṣàn jẹ́jẹ́, ìyá gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, olè náà wọlé jẹ́jẹ́. Ó ti pọ̀ jù. Àmọ́ pé kí o wá tìtorí ìyẹn sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò lágbára, èmi tó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé ní Ìkẹ́rẹ́ níbí kò lè gbà.

Ti olè ló rọrùn jù. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lolè ń yọ́ wọlé. Ìfarapamọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ti ìyá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, torí ohun tó lè fọ́ tàbí tó lè dà nù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù tó bà lórí ẹpọ̀n. Fi jẹ́jẹ́ rọ́pò rẹ̀ wò: òwe yóò kú, àmúkùrù á yè.

Jẹ́jẹ́ ní tirẹ̀, ìwà ẹni ló ń sọ. Ṣe o rí i bó ṣe ń gba "mi", "rẹ" àti "wọn" mọ́ra? Jẹ́jẹ́ mi ni mo ń lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "kíákíá mi ni mo ń lọ". Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ òǹkọ̀wé wà. Bí ẹjọ́ bá dé ààfin, tí wọ́n ní kí oníkálukú rojọ́ tirẹ̀, "Kábíyèsí, jẹ́jẹ́ mi ni mo jókòó" ni wọ́n máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó la igi mọ́ ẹnìkejì lórí náà, jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló jókòó! Mo kọ irú ìran bẹ́ẹ̀ sínú eré kan, àwọn èrò ìwòran ti bú sẹ́rìn-ín kí ọkùnrin náà tó parí gbólóhùn.

Nínú eré yẹn kan náà, onílé kan dojú kọ ayálégbé rẹ̀, ó ní: "Jẹ́jẹ́ lo máa kó ẹrù rẹ jáde." Ọmọ tó ń ṣe onílé kọ́kọ́ ń fi ariwo sọ ọ́, kò ta létí ẹnikẹ́ni. Mo ní kó sọ ọ́ bí ẹni ń kíni káàárọ̀. Jìnnìjìnnì bo gbogbo wa. Níbi tí wàhálà bá ti wà nítòsí ni jẹ́jẹ́ ti ń mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o dá ti omi Ìkọ́gòsì padà síbi tó wà: omi gbígbóná àti omi tútù pàdé níbẹ̀, wọn ò jà, wọ́n jọ ń lọ.

Rọra yàtọ̀ sí gbogbo wọn, torí iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe ló ń dúró. "Ó dìde jẹ́jẹ́", a ti rí i pé ó dìde. "Ó rọra dìde", òǹkàwé á fẹ́ mọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣe. Má ṣe kó méjèèjì sínú gbólóhùn kan, bí a tiẹ̀ ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Ní ti ìrọwọ́rọsẹ̀, fi í sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn rédíò tó ń sọ bí ìbò gómìnà ṣe lọ ní Èkìtì.

Bó bá jẹ́ ewì lò ń kọ, fetí sí ohùn. Ohùn òkè ni jẹ́jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń wálẹ̀, ó ń gòkè, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta Olósùnta.

Jọ̀ọ́, máa fàmì sí i. O kọ "o lo jeje niwaju pasito". Mi ò mọ̀ bóyá ó lọ jẹ́jẹ́ ni, àbí ó lọ jẹ́jẹ̀ẹ́.